Ẹ̀gbọ́n Sọ́fíyọ̀, Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Ta Odò?

Ẹ̀gbọ́n mi Sọ́fíyọ̀,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má tíì ní kí n dìde, torí bí mo bá dìde báyìí, ẹ lè rò pé ìjà ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìjà. Mo kàn ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ni, kí gbogbo Ìjàyè bá mi kà á. Bí mo bá wá bá yín nílé, ẹ ó ní kí ìyàwó yín ro àmàlà fún mi, n ó jẹ, ọ̀rọ̀ á sì wọlé padà sí mi nínú. Ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ yín.

Láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà tuntun sí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ni ẹ ò ti sinmi mọ́. Kò sí oko tí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín kò tíì dúró lé. Ọmọ iṣẹ́ yín á fi àdá lanà níwájú, ẹ̀yin á di ojú kan lẹ́yìn, ẹ ó na ọwọ́ sọ́tùn-ún, ẹ ó na ọwọ́ sósì, nígbà tí oòrùn bá fi kanrí, ibi tí wọ́n ti ń wa iṣu láàárọ̀ ti di ẹ́síteètì. Àwọn àgbẹ̀ wa wá ń bẹ̀rù fìlà yín ju bí bàbá ńlá wọn ṣe bẹ̀rù ajẹ́lẹ̀ lọ.

Mo rí pílánù tuntun tí ẹ yà fún ẹbí kan lẹ́yìn ìlú. N kò ní purọ́, ó gún régé. Pọ́lọ́ọ̀tì jókòó ti pọ́lọ́ọ̀tì, títì pàdé títì, igun kan kò wọ́. Mo wá ń wá odò kékeré tí a máa ń ká ṣòkòtò sókè kọjá lásìkò òjò, n kò rí i. Mo yí ìwé náà sókè, mo yí i sísàlẹ̀. Nígbà tí mo bi ọmọ iṣẹ́ yín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó wà ńbẹ̀ o. Àwọn pọ́lọ́ọ̀tì tó bọ́ sí apá ibẹ̀ la fi ẹ̀dínwó tà."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta odò! Ẹ tún wá ta á ní ẹ̀dínwó!

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Ẹ bá wa fi ọ̀nà sílẹ̀ nínú pílánù yín, kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà igbó ni mò ń wí: igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá etí odò lọ, tó so igbó kan mọ́ òmíràn, tí ẹyẹ àti ẹranko lè tọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, tí wọ́n sì ń ru èso igi lọ bí wọ́n ti ń lọ. Lọ́pọ̀ ibi láyé lónìí, àwọn tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ fa ìlà sí ibi tí ilé máa wà. Ibi tí omi àti igbó máa gbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà, ilé á wá tò sí ìyókù.

Mo ti sọ èyí fún yín rí níbi ìkómọ kan, ẹ sì fi òwe lu mí bolẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Ẹ ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹ ní ẹyẹ wo ló tíì wá tọrọ títì lọ́wọ́ Sọ́fíyọ̀ rí? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òwe náà bọ́ sásìkò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn, àṣá àti àwòdì ló ń wò. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń gbé abẹ́ òjìji igbó, tí kòkòrò ìdí igi jẹ́ oúnjẹ wọn, kì í yà sí gbangba. Bí ẹ bá ro ilẹ̀ fẹ̀ sáàárín igbó méjì, odi ni ẹ mọ síwájú wọn. Ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, wọn ò ní gbà á. Wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n á máa fẹ́ ọmọ ìyá ara wọn, ọmọ tí wọ́n bá bí á tún fẹ́ ọmọ ìyá tirẹ̀, títí ìran náà á fi kú tán. Ẹ̀yin tí ẹ wádìí ìdílé àfẹ́sọ́nà ọmọ yín dé ìran kẹta, ẹ wá ń fi irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ!

Àwọn onímọ̀ kan wọ àwọn igbó kéékèèké tó ṣẹ́kù sí apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n ka irú ẹyẹ tó wà nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2007. Èmi ti rò pé igbó tó bá tóbi jù ni ẹyẹ rẹ̀ máa pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igbó náà ṣe tóbi tó kọ́ ló pààlà, bó ṣe jìnnà sí igbó mìíràn tó ni. Èyí tó bá dá wà jìnnà, irú ẹyẹ inú rẹ̀ máa ń kéré. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ààlà ni, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ gbé pẹ́ẹ̀gì sí. Kò sí ẹni tó yẹ kó yé jù yín lọ.

Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn wa. Ìran ẹ̀gà ni, ó dúdú, ó sì ní pupa lórí àti láyà. Elgood, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ló fi í han ayé ní 1958, tó sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis, ìyẹn ẹ̀gà Ìbàdàn. Kò sí i ní Ghana, kò sí i ní Kẹ́ńyà, kò sí i níbikíbi láyé àfi ní apá ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ẹ̀rù ń bà wá pé wọ́n lè parẹ́. Ẹ wo bí ọmọ Ìbàdàn ṣe pọ̀ tó ní Lọ́ndọ̀nù, èyí kò lọ síbì kankan. Ilé ló jókòó sí, ẹ sì ń wọn ilé náà mọ́ ọn lórí.

Ọ̀kan nínú ibi tó ṣì ń gbé ni igbó IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà kí a tó dé Mọ́níyà láti Ìbàdàn. Nǹkan bíi 1,000 héktà ni wọ́n gbà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, wọ́n sì fi bíi 350 sílẹ̀ fún igbó. Oko àti ilẹ̀ tó ń sinmi ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni, ó sì padà di igbó tí oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn abúlé kúrò níbẹ̀ kí èyí tó ṣeé ṣe. N kò ní fi ìyẹn yin ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ilẹ̀ wa kì í pẹ́ bínú. Bí a bá fún un láàyè bí ọjọ́ orí ọkùnrin kan, igbó á padà. Ṣùgbọ́n ilé ti yí igbó IITA ká báyìí, ògiri sì yí òun fúnra rẹ̀ ká. Ẹ ò rí i pé òun náà ti di ẹni tó jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ pa ẹyẹ tì. Irú ni ká sọ.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í fojú kan ewédú tí kò nírú. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi "súgà ọbẹ̀" tàn yín dípò irú ní ilé oúnjẹ kan ní Mọ́níyà, ẹ̀yin náà lẹ dìde tí ẹ kò jẹun mọ́. Igi igbá ló ń so èso tí à ń fi ṣe irú, ó sì ń yọ òdòdó róbótó pupa tó ń so kọ́ bọ̀lọ̀jọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀ka. Alẹ́ ni òdòdó yẹn ń la ojú, àdán ló sì ń dúró dè. Oyin inú rẹ̀ ni àdán wá mu. Á ti ojú bọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lójú, á gbé e lọ sórí igi mìíràn, ibẹ̀ ni igi méjèèjì ti ń ṣègbéyàwó. Kòkòrò oyin náà máa ń bá wọn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àdán ni ọ̀gá. Ẹranko tí a ní kò ṣeku kò ṣẹyẹ, tí àwọn ọmọ wa ń lé ní òkò, tí àwọn àgbà ń fura sí lóru, òun ni alága ìyàwó ọbẹ̀ yín.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Àdán ńlá tó ní irun bíi koríko gbígbẹ máa ń jẹ èso ìrókò, á gbé hóró rẹ̀ nínú kiri, á sì yà á sí ibi tó jìnnà sí ìdí ìyá rẹ̀. Wọ́n ti wo èyí dáadáa ní Ghana. Ìrókò tí àwọn agégi ń fi ẹ̀rọ bẹ́ lóru nínú oko wa, kò sí ìjọba tó gbìn ín, kò sí àgbẹ̀ tó gbìn ín. Àdán ló gbin púpọ̀ nínú wọn. Agbe àti àlùkò náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí èso ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ọmọ wa ti wá mọ àwọn ẹyẹ méjèèjì yìí kìkì nínú àdúrà ìsọmọlórúkọ. À ń fi aró àti osùn wọn ṣúre fún ọmọ tí kò ní rí ìyẹ́ wọn láéláé.

N kò ní fi àdán tàn yín jẹ. Ó lè fò jìnnà gidi lóru kan, kò pọn dandan kí igbó so mọ́ra kó tó lè ré kọjá. Ohun tó ń fẹ́ ni igi ńlá tó dá dúró káàkiri, tó lè bà lé, tó lè jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀bẹ̀ mi fi jẹ́ méjì: igbó tó so mọ́ra létí odò fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí kì í yà sí gbangba, àti igi igbá, ìrókò, àràbà tó bá ti wà lórí ilẹ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ fi sí igun pọ́lọ́ọ̀tì dípò kí ẹ fi katapílà hú u nítorí pé ó bọ́ sí àárín gọ́tà tí ẹ kò tíì gbẹ́.

Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo kà wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921. Níbi tó ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ ìlú dó, ó sọ̀rọ̀ igbó ilé, igbó dídí tí àwọn ìlú ayé àtijọ́ ń fi yí odi wọn ká, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú rẹ̀. Ogun ni wọ́n fi ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀gà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tí wọ́n fà: ilé, odi, oko etílé, igbó tó yí gbogbo rẹ̀ po, lẹ́yìn náà oko ẹgàn. Wọ́n yà á láìsí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò sì ta odò. Ààlà oko wọn náà, pèrègún àti akòko ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó sì hù. Ẹ̀yin, kọnkéré tó ní nọ́ńbà lórí lẹ ń rì. Kọnkéré yín kò so, kò ru ewé.

Ìjàyè tiwa yìí gan-an ṣe ẹlẹ́rìí pé ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ á padà di igbó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862 ni Ìbàdàn tú Ìjàyè, ìlú tí Kúrunmí ṣàkóso tẹ́lẹ̀. Àwọn tó yè é sá lọ, púpọ̀ nínú wọn sí Abẹ́òkúta, Ìjàyè tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di igbó fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn èèyàn tó padà wá tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí yóò wú yín lórí wá láti Jámánì. Odi wáyà àti ìbọn tó pín ilẹ̀ wọn sí méjì gùn tó bíi kìlómítà 1,400. Fún bí ogójì ọdún, kò sí ẹni tó dáko níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá súnmọ́ ọn á kú. Igi hù, ẹyẹ wọ̀ ọ́. Nígbà tí odi ṣubú ní 1989, àwọn ọlọgbọ́n ibẹ̀ ní kí wọ́n má pín ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi sílẹ̀ láti òpin dé òpin. Títí di òní, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Tiwa kọ́: ogun fún igbó ní àyè, àlàáfíà dé, a ń gbà á padà ní pọ́lọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100.

Ẹ mú máàpù yín jáde báyìí. Igbó IITA wà lápá kan. Igbó ìjọba Ìjàyè wà lápá kejì, èyí tí wọ́n gbin tíìkì àti mẹláínà sí, tí àwọn agégi ti bù jẹ. Bí ẹ bá wo ìwọ̀-oòrùn síwájú sí i, ẹ ó rí Olókèmejì, tí ìjọba àwọn òyìnbó ti pa mọ́ láti nǹkan bí 1899. Ẹ wo ohun tó wà láàárín wọn: odò àti ọmọ odò. Odò Ọ̀nà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Elẹ́yẹlẹ́, àwọn yòókù ń ya sí ìhà tiwọn. Ọ̀nà igbó tí mò ń tọrọ ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, Olódùmarè ló ya pílánù rẹ̀. Kí ẹ má pa á rẹ́ ni mo ń wí.

Kò sì ní bá iṣẹ́ yín jà. Ní Kẹ́ńyà, ọ̀nà ńlá kan gba àárín Òkè Kẹ́ńyà àti ilẹ̀ koríko tí àwọn erin ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n ṣí i ní 2011. Àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá erin á gbà á tàbí kò ní gbà á. Kò pẹ́ rárá tí akọ erin kan tí wọ́n ń pè ní Tony fi gba ibẹ̀ kọjá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. A kò ní erin ní Ìjàyè mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà àyíká Ìbàdàn tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 110 ni mo fi ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ odò ni ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ré kọjá. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá jẹ́ kí kọ́lífáàtì fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí etí gbígbẹ wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ọ̀pọ̀ ẹranko kéékèèké á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé tírélà tẹ̀ wọ́n pa. Owó tí wọ́n máa fi kún un nísinsìnyí kò tó èyí tí wọ́n máa fi wó o ṣe lẹ́yìn ọ̀la.

Ti àgbàrá ńkọ́? Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi bí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ṣe kó èèyàn lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ojú gbogbo wa ni ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣe, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Ìjọba lọ yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti wá nǹkan ṣe sí i. Mílíọ̀nù 200 dọ́là, ẹ̀gbọ́n! Gbòǹgbò tó di etí odò mú, tó ń fa omi sínú ilẹ̀, kò gba àdéhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì ra pọ́lọ́ọ̀tì ẹ̀dínwó yín, lọ́jọ́ tí odò bá wá béèrè ilé rẹ̀, orúkọ yín ló wà lórí sọ́fè.

Mo gbọ́ èsì yín kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ ní ẹbí tó ni ilẹ̀ fẹ́ jẹun, kò sí ẹni tó ń fi igbó san owó iléèwé. Òótọ́ ni, n kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó tí a tì pa ni mo ń tọrọ. Irú wà ńbẹ̀, oyin wà ńbẹ̀, ìgbín, ewé iran, ọparun àti egbòogi wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ ẹbí, kí gbogbo ẹ́síteètì jọ máa ṣọ́ ọ, kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti wọn. Òfin ìlànà ìlú sì ti ní kí a fi àyè sílẹ̀ létí odò. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àyè tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà mìíràn ni ààtàn ń gbà.

Èsì yín kejì ló le, n kò sì fẹ́ fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní igbó tó bá wà láàárín ilé ni ibùba ajínigbé. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé tiwa, tí a ti rí ìpànìyàn léraléra ní 2020, ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí abẹ́ igi tó kọjú sí ilé mọ́, kí ènìyàn lè rí ìhà kejì. Ẹ la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú rẹ̀, kí àwọn ọmọdé máa gbà á lọ sí iléèwé, kí àwọn ìyá máa gbà á lọ sọ́jà. Ibi tó bá kún fún èèyàn wa kì í gba olè mọ́ra. Àárín gbùngbùn etí omi nìkan ni kó dí. Ìṣọ́ ni igbó ilé fún àwọn bàbá wa, kò yẹ kó di ìbẹ̀rù fún wa nítorí pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀, ọrùn ń dùn mí lórí ìdọ̀bálẹ̀ yìí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá pílánù ẹbí yẹn padà sórí tábìlì kí wọ́n tó fi katapílà wọlé lásìkò ẹ̀rùn. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa odò náà padà síbi tó wà, ẹ fi àyè tó fẹ̀ dáadáa sí ọ̀tún rẹ̀, ẹ fi sí òsì, ẹ kọ "a kò gbọdọ̀ tà" sí i lára ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ wá fi ìlà róbótó yí igi igbá tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ká. Ẹni tó ti san owó pọ́lọ́ọ̀tì ẹ̀dínwó, ẹ wá ibòmíràn fún un. Bí mo bá tún gbọ́ pé ẹ ta igi igbá yẹn náà, n ó kọ lẹ́tà kejì, n ó sì dárúkọ yín àti ti bàbá yín níbẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ní Ìjàyè.